Nítorí Irun Orí Rẹ àti Iṣẹ́ Ọjọ́ Ajé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé o ń rí oorun sùn? Orí ni mo fẹ́ béèrè lọ́tọ̀: ṣé kì í yún ọ? Bí ó bá ń yún ọ, má họ ọ́ o. Ọlọ́run tó dá ọ kò ní gbàgbé ibi tó gbé ọ sí, ẹni tó ń retí ìṣubú rẹ yóò retí títí, ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò gbà ọ́. Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Orúnkún bàbá rẹ ti ń ṣeé tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àbúrò rẹ obìnrin ti rí yàrá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ewúrẹ́ funfun yẹn sì bí ìbejì ní ọjọ́ Ẹtì, ó tẹ ọ̀kan pa mọ́ abẹ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù ń fò kiri bí ẹni pé òun ló kọ́lé.

Ohun tó mú mi jókòó ti bébà nìyí. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o ti pa fóònù rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ gbẹ̀yìn ni pé irun tí wọ́n gbìn sí ọ lórí ti ń já sórí ìrọ̀rí, pé gbogbo làálàá rẹ ti já sí asán, pé ojú ta ni o fẹ́ fi wo àwọn ará ọ́fíìsì, pé o kò ní padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni o ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ ọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin mo bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o, ayọ̀ ni. Ọmọ mi, irun náà ti mú ilẹ̀!

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwòrán orí rẹ tí o fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oko la kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Bàbá rẹ ní ebè ta ni èyí tó gún régé báyìí. Mo yí fóònù sókè, mo yí i sísàlẹ̀, kí n tó rí etí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aránṣọ tó ń gbé iwájú ilé wa ló kọ́ mi pé bí mo bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, yóò tóbi. Mo fẹ̀ ẹ́, mo rí ojú ihò kéékèèké tó pọ́n, irun kọ̀ọ̀kan dúró nínú tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí ó tètè dá a padà sí kékeré kí n má baà fẹ̀ ẹ́ jù, kí irun náà má lọ tú. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní màmá, àwòrán lásán ni. Mo ní bó ṣe orí ọmọ tirẹ̀ ni, ṣé yóò máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀?

O sọ pé ẹgbẹ̀rún méjì àti igba ni dókítà náà yọ láti ìpàkọ́ rẹ, tó sì gbìn síwájú orí láàárín ọjọ́ kan. Ọmọ mi, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń hu ọmọ tòmátì àti ọmọ ata tà fún àwọn olóko, èyí tó pọ̀ jù tí mo ṣí nípò tí mo tún gbìn lọ́jọ́ kan kò ju ẹgbẹ̀rin lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìbàdí sì fi bá mi wí. Bá mi kí dókítà yẹn. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní ó kú ìdúró, ó kú ojú, ó kú ọwọ́. Kí o sì bá mi bi í bóyá ó bomi rin ìpàkọ́ rẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò jáde ní pípé.

Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí wàyí. Bí mo bá ṣí ọmọ tòmátì kúrò níbi tí mo hù ú sí, tí mo gbìn ín síbòmíràn, kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Á sorí kọ́. Ewé rẹ̀ á rọ, òmíràn á tilẹ̀ gbọn gbogbo ewé rẹ̀ dànù, á ku igi ṣánṣán. Olóko tí kò mọ̀ á ké pè mí pé òkú ni mo tà fún òun. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ kan án, kí wọ́n má fà á tu, ìsàlẹ̀ ló ń ṣe ti ìsàlẹ̀ kó tó rántí òkè. Ìwé ìkìlọ̀ tí dókítà fún ọ, tí o ya fọ́tò rẹ̀ sí mi, ojú ewé méjì ni. Mo ní kí aránṣọ túmọ̀ rẹ̀ fún mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó dá mi lójú pé o kò ka ojú ewé kejì, bí o ti ń ṣe ìwé rẹ nílé ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta irun tí wọ́n gbìn yóò gbọ̀n dànù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà nínú, pé ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ni tuntun yóò máa yọ, yóò sì tó ọdún kan kí ó tó kún. Mo pàtẹ́wọ́ gbàgbàgbà. Mo ní inú oko ni wọ́n bí dókítà yìí sí. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tí ó gbàgbé, kò dárúkọ ajílẹ̀ kankan. Ìwọ náà má fi ìgbẹ́ adìẹ sí i o, ó máa ń gbóná, yóò jó o.

Bàbá rẹ ni kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Orí tirẹ̀ ti ń dán kí n tó fẹ́ ẹ, ti bàbá tirẹ̀ náà dán, ohun tí wọ́n fi ń dá ọkùnrin ilé yìí mọ̀ láàárín èrò ló kà á sí. Nígbà tó gbọ́ pé o lọ gbin irun, ó ní ṣé ohun tí òun fún ọmọ òun ló lọ ń tún ṣe? Ó kọ oúnjẹ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lẹ́yìn ilé, fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àwòrán náà, ó ń fi ọwọ́ kejì pa orí ara rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má jẹ́ kí oòrùn pa á. Mo ní ṣebí inú ń bí i ni. Ó ní inú tó ń bí òun lọ́tọ̀, oòrùn lọ́tọ̀.

Gbọ́ èyí tó dùn jù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà lórí ebè, fóònù dún. Ohùn obìnrin kan ni, ohùn tó tutù, ó ní ẹ káàsán màmá, òun ni ọ̀gá ọmọ yín ní ọ́fíìsì omi. Mo dìde dúró, mo nu ọwọ́ mi. Ó ní nọ́ńbà mi ni òun bá nínú fọ́ọ̀mù rẹ, níbi tí wọ́n ti ní kí o kọ ẹni tí àwọn lè pè bí nǹkan bá ṣe ọ́. Ọmọ mi, ṣé o wá fi irú ipò bẹ́ẹ̀ fún mi, tí o kò sì sọ? Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe ní ipò náà, ó ní kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ní èmi kì í gba ipò kí n wá jókòó lásán, kí wọ́n máa pè mí déédéé. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ó ní ọ̀rọ̀ rẹ ń kó ìdààmú bá àwọn. Iṣẹ́ abẹ lo kọ sínú ìwé ìsinmi, o kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é lára rẹ. Àwọn kan ní ọkàn ni, àwọn kan ní kíndìnrín ni, ẹni tó ń jókòó tì ọ́ tilẹ̀ ti ń gbààwẹ̀. Ọmọ mi, ṣé kí n wá dákẹ́? Kí odidi ènìyàn máa febi pa ara rẹ̀ nítorí kíndìnrín tó wà ní pípé? Mo ní kí ọkàn wọn balẹ̀, irun ni. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe yọ ọ́ níbi tó ti pọ̀, bí wọ́n ṣe gbìn ín síbi tó ti pá, iye tó jẹ́, bó ṣe gbọ̀n dànù sórí ìrọ̀rí, bí o ṣe wá ti ara rẹ mọ́lé tí o ń sunkún.

 Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun kan bí ẹni tí omi há lọ́fun. Mo ní ta ló ń wúkọ́ yẹn, kí ó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní màmá ẹ forí jì wá, gbogbo wa la wà níbí, ìpàdé la wà, wọ́n fẹ́ bá yín kẹ́dùn ni mo ṣe jẹ́ kí ohùn yín jáde síta. Ká má purọ́, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé èrò tó bẹ́ẹ̀ lè wọ inú fóònù kan ṣoṣo. Wọ́n kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ nípọn ní báwo ni ìpàkọ́ náà ṣe rí báyìí, ṣé kò ṣófo? Mo ní bí wọ́n bá já ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọmọ ata tó kún, ojú kì í mọ̀ ọ́n. Ó ní họ́wù. Ó tún ní họ́wù.

Mo tọrọ fìlà fún ọ níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ ní òfin ò gba fìlà lẹ́yìn dígí tí ẹ ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí omi wọn kò yọ. Mo ní ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kì í ṣe àfojúdi bó bá wà lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oṣù mẹ́rin péré. Mo tún rántí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà yín tí o ń bẹ̀rù, èyí tó ń wo ojú ènìyàn kó tó ṣílẹ̀kùn, pé bóyá yóò sọ pé òun kò mọ̀ ọ́. Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní màmá, irin ni. Mo ní mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́nà, bó ṣe irin bó ṣe ènìyàn, kíkí ni à ń kí i. Nígbà náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ìjókòó iwájú, ìgbéga tí o ti ń retí láti ọdún mẹ́ta, ọjọ́ Ajé ni àwọn yóò fi ẹnì kan síbẹ̀. Bí o bá wá, tìrẹ ni. Bí o kò bá wá, wọn yóò fún ẹlòmíràn, òun kò sì ní lè yí i padà. Ó ní kí n sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé bí o ti ń ka ibí yìí, o ti di orí mú. Má dì í mú jù, ó ṣì rọ̀. Ohun tí o ń sá fún ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ti gbọ́, kò sì sí ẹni tó kú. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkùnrin olóhùn nípọn yẹn pè mí lóun nìkan. Akọ̀wé owó yín ni. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ní inú ilé ìgbẹ́ ni òun wà, kí n bá òun gba nọ́ńbà dókítà náà, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́rú, ẹni tó ń ṣọ́ géètì pè, ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun kò bọ́ fìlà lójú ìyàwó òun, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá rẹ fúnra rẹ̀ pè. Ó ní irun tí gbogbo ayé ń yìn lórí òun, rírà ni, dídì tó le jù ló ti jẹ iwájú orí òun, ṣé wọ́n ń ṣe é fún obìnrin? Òun náà ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí fún wọn, mo sì mú un ṣẹ. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, ìwọ kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni, ọmọ mi ni ọ́. Gbogbo wọn fẹ́ fojú ara wọn rí orí rẹ. Nítorí náà, má tètè dé fìlà náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bá mi wá díẹ̀ ránṣẹ́ fún àwọ̀n tí mo ń ta bo ebè, oòrùn ti jẹ ti àtijọ́ tán. Kí o sì fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ní owó ọkọ̀ tí yóò fi padà, ti àlọ nìkan la fún un, kí o má baà lé e padà kí ọjọ́ Ajé tó pé. Kì í ṣe awakọ̀ o. Gbé ojú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Bàbá rẹ ni. Láti àárọ̀ ló ti wẹ̀ tó ti wọ bàtà, kò sọ fún mi ibi tó ń lọ àfìgbà tí mo fẹ́ ká bébà. Fún un ní ìjókòó, nítorí orúnkún rẹ̀. Ó ní òun yóò bá ọ rìn dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, òun kò ní dé fìlà, òun ni yóò sì ṣíwájú wọlé, kí wọ́n wo orí tòun títí yóò fi sú wọn, kí ojú wọn tó kan tìrẹ.

Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí ọ yóò yọ̀ mọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.