Pápá Tí Kò Sí Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà 2025
Mo ti rí i! Máàpù 1936, ní láíbìrì. Pápá besibọ́ọ̀lù Peckham — ẹ̀ẹ̀rùn méjì péré ni wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù onígi yẹn níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òdìkejì rélùweè ni, lábẹ́ fúláàtì èmi gan-an.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá Fìlà? (Bàbá Ilésanmí, àgbà ìjọ wa. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.) Onílé wọn ní 1964, òyìnbó tó ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí, ló mú wọn lọ wo ibẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n sì ń sọ pé ó wà. Gbogbo ìjọ ló mọ ìtàn náà. Ìjọ ti ní kí wọ́n ṣe pátákó ìrántí síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ní, "Kúnmi, ìwọ lò ń ṣe research yìí. Ṣé ibi tí mò ń sọ náà ni?" Àwọn ìyá ìjọ dúró tì wá. Mo kúnlẹ̀. "Yes sà, ibẹ̀ náà ni."
Ojo ni mí. Ṣùgbọ́n ta ni èmi, tí màá já àgbà nírọ́ lójú ìjọ?

Ọjọ́bọ̀, 12
Pátákó ti dé. Ó ń dán. Mi ò lè wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pe Bàbá. Mo lọ dín ẹja.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21
Wọ́n ṣí pátákó lónìí. Hameedah tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì gbé máàpù yẹn wá. Ó ka ohun tí wọ́n kọ, ó wojú mi. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, ó rọra ní, "Ẹ má bínú sà. Òdìkejì rélùweè ni máàpù sọ o."
Bàbá wo máàpù náà. Wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ló ṣì í, kí wọ́n tú pátákó náà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ò dárúkọ mi.
Ojú tì mí. Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọlé. Èmi náà ṣáà kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Mo lọ bẹ Bàbá nílé wọn ní Brockley. Mo jẹ́wọ́ pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n wá ní, "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gbàgbé nǹkan. Mi ò dá ara mi lójú mọ́. Ìdí tí mo fi bi ọ́ nìyẹn. Ìwọ nìkan ni mo bi."
Wọ́n ní kí n mú wọn lọ síbẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì. Mo di ọwọ́ wọn mú títí dé iwájú fúláàtì mi.
"Ṣé ibí ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ibí gan-an ni.
Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa bi Hameedah.