Bàálù Tí Àǹtí Jemilat Kọ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kejì 1989
Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní Pápá Àjàó. Mi ò tíì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan nílé-ìwé ní Yaba. Ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí, mò ń wo bàtà àwọn èèyàn.
Jemilat, ọmọ Bàbá Ṣàíbù, mẹkáníìkì tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, dé lónìí. Sójà òfurufú. Tí wọ́n bá tún bàálù ṣe tán, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé e gòkè wò. Obìnrin àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ náà. "Àǹtí" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Gíga ni màá máa pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Bàálù kan ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì. Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá Gíga máa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Tó bá kọ̀, ọkùnrin kan ni wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún.
Bàbá dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó ní ta ló tún un ṣe? Ọ̀gá Gíga ní Oyèwọlé, ẹnjinníà wọn ni. Ṣé á jókòó tì ẹ́ lókè? Rárá, Bàbá, ilẹ̀ ló máa wà. Bàbá rẹ́rìn-ín: ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ẹni tó de nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò tí wọ́n bá ń tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. "Ẹ̀rù ara ẹ̀ ni á jẹ́ kó dè é le."

Ọjọ́bọ̀, 9
Kò gbé e!
Ó ní àga kejì ṣófo, kí Oyèwọlé wọlé. Oyèwọlé ní ìyàwó òun lóyún. Ọ̀gá Gíga ní òun náà ní ìyá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé bàálù bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rù ń ba Máádàámù o!" Ó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ibiṣẹ́ wọn fún un di Ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Màmá, ìyàwó Bàbá, ń sunkún nítorí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá Gíga ń fọ aṣọ, ó ń súfèé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Mo bi í, ohùn mi kéré: tí Oyèwọlé ò bá wá ńkọ́, Àǹtí? "Iṣẹ́ á bọ́. Orí ò ní bọ́."

Ọjọ́ Àìkú, 12
Oyèwọlé wá sílé, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún epo. Ó ti tún ẹ́ńjìnnì náà tú. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó rí páìpù epo kan tó ti sán, ó pààrọ̀ ẹ̀. Kò lè wojú Bàbá. Bàbá bu omi fún un.
Ó ní òun á gòkè.

Ọjọ́ Ajé, 13
Ogójì ìṣẹ́jú lókè! Wọ́n balẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọ̀gá Gíga ní Sáàmù ni Oyèwọlé ń kà lẹ́yìn òun, òun náà ń ka Fátíhà níwájú.
Ọ̀gá ibiṣẹ́ wọn ti pàṣẹ: láti òní lọ, ẹni tó bá tún bàálù ṣe á bá a gòkè.
Àwọn ọkùnrin tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn náà ò kúkú fẹ́ kú.