Ìràwọ̀ tí Wọ́n Sọ ní Ìyá Sódìq

Bọ̀dá mi Sódìq,

Àlàáfíà fún yín, fún ìyàwó yín àti ọmọ, bí ẹ bá ti bí. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀ díẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n din àkàrà fún àwọn ọmọ Àpáta, wọ́n ní sàráà òkú yín ni. "Sódìq ò lè wà láàyè kó má pè mí lọ́dún méjì."

Lánàá, mo ṣí géèmù òfurufú tí ẹ kọ́ mi. Ìràwọ̀ tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbá a, oṣù yìí ni wọ́n rí i. "Ìyá Sódìq" ni ẹni tó rí i sọ ọ́. Inú géèmù náà ni mo ti ń kọ èyí sí yín.

Mi ò tíì sọ fún Màmá. Mi ò bínú, mi ò sì sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n fúnra yín. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Nọ́ńbà wọn ò yí padà.

Àbúrò yín,
Islamiat