Àpótí Méjì Nídìí Ìkòkò Aró

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ilé tí asọ̀rọ̀mágbèsì wà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹnìkan ò bá mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aláró ni mí ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà.

Bí a bá po aró tán, a máa ń fún ìkòkò nísinmi ọjọ́ mélòó kan kó tó mú aṣọ. Èmi kì í sinmi ní tèmi. Àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa gbé àpótí méjì sábẹ́ ibòòji lọ́sàn-án, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìkòkò gan-an ń sinmi, ẹ wá jókòó." Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá ti rẹ̀ ni kó jókòó. Kò tíì rẹ̀ mí."

Ó kú lóṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo padà sídìí aró, mo rẹ aṣọ mẹ́rin. N kò sunkún. Títí dòní, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí.

Lánàá, mo gbé àpótí méjèèjì sábẹ́ ibòòji, mo sì dúró tì wọ́n títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń gbọ́ yín: ṣé èèyàn lè kọ́ ìsinmi lẹ́yìn tí ẹni tó ń pè é sí i ti lọ? Ọ̀lẹ kọ́ ni mí o.