Fóònù Tó Ń Dá Sọ̀rọ̀ Nílé Ìdáná

Tíṣà, àbúrò mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí o wà ní balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, fóònù tí o gbé ti ìkòkò omi tún ń dá sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń dáhùn ìbéèrè nínú fídíò, ìwọ ń wẹ̀, ò ń kọrin, kí ẹ̀rọ iléèwé yín lè kà á pé o ti wò wọ́n. Ọ̀lẹ gbọ́n lóòótọ́.

Ẹyin ni mo ń dín nígbà tí ọmọbìnrin kan ní, "Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orin ni mo kọ dípò ìdáhùn, ẹ sì ní ó dára gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò yìí ò yé mi rárá, ìdánwò sì ti dé tán." Omijé gba ojú rẹ̀.

Má wulẹ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ náà ti pọ̀ jù." Nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mo lọ, tíṣà wa máa ń sùn lórí tábìlì bí a bá dìde kàwé. Mo ṣì rántí bó ṣe ń hanrun. Òun ò kúkú purọ́ pé òun gbọ́ wa.

Má kọ "ó dára" sí ọmọbìnrin náà. Ṣe fídíò tìrẹ, kó rí ojú rẹ, kí o bẹ̀ ẹ́, kí o sì ṣàlàyé ìṣirò náà.

Mo dá fídíò ọmọ náà dúró síbi ojú rẹ̀, mo sì gbé fóònù lé ọmọrí àwo ẹyin rẹ. Dá a lóhùn kí o tó ṣí àwo.