Fọ́ọ̀mù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Fọwọ́ Sí

"Fọwọ́ sí i kí n ráyè mí! Àbí o fẹ́ kí èmi náà wá jókòó sídìí maṣín bíi tìẹ ni?"

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ pín àga kan ní kíláàsì, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ kalẹ̀ kíá kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan má baà bọ́. Orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni mo sá sí. Má bínú pé mi ò tíì kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ìlú tuntun ti mọ́ ọ lára, ṣé ikọ́ bàbá rẹ ti lọ sílẹ̀? Ara tèmi le, inú ni kò dùn.

O mọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Wọ́n ní ètò kan níbẹ̀ báyìí: ogún ọmọ péré ni wọ́n fẹ́ mú, wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣèwádìí lórí ìpinnu tí ìjọba ń ṣe àti bó ṣe kan ará ìlú, wọ́n á sì fi wọ́n sí ọ́fíìsì ìjọba fún oṣù mẹ́ta láti kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tó ti wá lo ìsinmi nílé, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Á dúró níwájú dígí, á máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, á sì máa dá ara rẹ̀ lóhùn. Màmá mi á gbé tíì fún un, wọ́n á rọra ti ilẹ̀kùn bí ẹni pé ọmọ tuntun ló ń sùn níbẹ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti àárọ̀, "Ìwọ, ṣé o ti fọ abọ́?" ni tèmi.

Owú ń jẹ mí, kí n má parọ́ fún ọ. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi sọ fún oníbàárà kan pé, "Àbúrò Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyí." Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ wá ńkọ́?" Ihò bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ tí mò ń rán ni mo fi dá a lóhùn: mo gé e tóbi jù. Mo tiẹ̀ ti gbàdúrà kí wọ́n má mú ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ gbà á ni o.

Ọ̀rọ̀ wá rèé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ètò náà gbọ́dọ̀ kọ nípa ìpinnu ìjọba kan tó pa ẹnì kan lára ládùúgbò rẹ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n mi wá kọ nípa rẹ̀? Èmi! Ó pè mí ní "Ọmọbìnrin A". Ó ní nígbà tí káńsù yọ bọ́ọ̀sì tó ń gba orí afárá kọjá, Ọmọbìnrin A ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé fún wákàtí kan àbọ̀, wọ́n ti géètì mọ́ ọn síta nígbà mọ́kàndínlógún, kò sì padà lọ mọ́. Ó kọ ọ́ bí bàtà mi ṣe já. Ó kọ ọ́ pé aṣọ ilé ìwé mi gan-an ni mo tú, tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń ká etí aṣọ. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ìwé náà dùn. Mo ti sunkún fún Ọmọbìnrin A kí n tó rántí pé èmi ni.

Ni mo bá kan ìlà kan: "Kò sí ohun ìrìnnà kankan nílé wọn." Kẹ̀kẹ́ pupa ilé wa yẹn ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gùn ún lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn sì ti kán, kò lè gbé ẹni méjì. "Ìdánwò àṣejáde ló wà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ," màmá mi wí nígbà náà, "ìwọ ṣì ní ọjọ́ iwájú." Ọjọ́ iwájú náà rèé, ojú abẹ́rẹ́ ni mo ń gbà wò ó.

Fọ́ọ̀mù náà ní kí Ọmọbìnrin A fọwọ́ sí i pé òun ti kà á, òótọ́ sì ni. Ìlà mẹ́ta wà nísàlẹ̀ fún ohun tó bá fẹ́ fi kún un. Ọmọbìnrin A fúnra rẹ̀ ni yóò fi í sínú àpò ìwé, tí yóò lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ ṣí i. Bí fọ́ọ̀mù yìí kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní wo ìwé ẹ̀gbọ́n mi rárá, ọ̀la sì ni àyè parí. Mo bi í pé, "Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" Ó wá ní, "Bí mo bá kọ kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, á dà bíi pé èmi ni mo lé ọ kúrò nílé ìwé." Mo ní, "Ta wá ni?" Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi sáré wọlé: "Ṣé ẹ fẹ́ kí ará ilé kejì wá bá wa parí ẹ̀ ni? Fọwọ́ sí i fún un jàre, ìwé lásán ni!"

Ọ̀rẹ́ mi, kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́, kí ìwé máa yé ọ, kí bàbá rẹ rí ìwòsàn. A ó tún fojú kan ara wa, kò ní jẹ́ níbi ẹkún.

Èmi ni, ẹnìkejì rẹ lórí àga,
Abẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

Àfikún: Mo ti pinnu. Màá fọwọ́ sí i. Lórí ìlà mẹ́ta náà, màá kọ ọ́ pé: "Kẹ̀kẹ́ kan wà. Ẹni tó kọ ìwé yìí ló ń gùn ún." Màá lẹ̀ ẹ́ pa, màá sì rẹ́rìn-ín bí mo bá ń fi í lé e lọ́wọ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé yìí títí láé. Bí ìwọ bá sọ ọ́, màá ní irọ́ ni. Bí wọ́n bá mú un, ó tọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì já a sílẹ̀, màá dì mọ́ ọn, màá bá a sunkún, ẹkún náà á sì ti ọkàn mi wá.