Fáìlì Ọ̀rọ̀ Ojú Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ò pá ọ lórí, ṣé òrùlé ilé tó o gbà ò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn ò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀. Bí o bá béèrè wa, a wà, orí wa ń bẹ lọ́rùn, ẹnu wa ń jẹun. Ewúrẹ́ télọ̀ tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ páálí tí mo fi ń wọn ẹsẹ̀ àga, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ kan fi gùn ju mẹ́ta yòókù lọ lára àga tí mo kàn fún ọ̀gá oníléèwé, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ń bínú sí mi, kò bínú sí ewúrẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ló jẹ́ kí n kọ̀wé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó o gbé wá fún wa. O mọ̀ pé awọ funfun tó bo ojú rẹ̀ ti nípọn, ọ̀sán àti òru ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i mọ́, dókítà ojú sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ìyá rẹ yarí kanlẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa fi irin kan ẹyinjú òun, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pa òun. Ìwọ lo ní ká má bá a jà, o wá kọ gbogbo àlàyé dókítà sínú fáìlì ní èdè wa, o ní kí n máa kà á sí i létí. O ṣeun, ọmọ mi.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo fọwọ́ pàtàkì mú un, mo wẹ̀ kí n tó jókòó sídìí ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú kirikiri, kò sí àwòrán, kò sí obìnrin tó ń ṣẹ́jú síni bíi ti fóònù àbúrò mi, lẹ́tà funfun nìkan, mo ní háà, nǹkan àgbà rèé. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kékeré tó o kọ́ mi, mo tẹ orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn tó sì sọ ẹni tó wá kí, fáìlì bá jáde. Kò da gbogbo ọ̀rọ̀ lé mi lórí. Ó gbé ìwọ̀nba tí ojú rẹ̀ gbà wá, ó dúró, ó ń wò mí. Nígbà tí mo kà á tán, mo tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára tó sì ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwọn tó kún fún ìwé lọ, ó gbé òmíràn wá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹni tó ṣe nǹkan yìí gbọ́n.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo kọ́kọ́ kà ti lọ sókè, mo wá a títí, n ò rí i. Mo ní ó ti tán nìyẹn. Má rẹ́rìn-ín, káfíńtà ni mí, igi tí mo bá ti fi ìfági fá kúrò, kì í padà. Ni mo bá ṣòfin nínú ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì gígùn títí gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ á fi gbọ́, mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi, mo pe télọ̀, mo ń ka ibì kan náà lákàtúnkà. Ọ̀gá oníléèwé ní òun ò rò pé ó ń tán, mo bi í bóyá ṣọ́ọ̀kì tó fi kọ́ni kì í tán.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣún un lò títí a fi dé ibi tó ní dókítà á wá mú abẹ kékeré kan, á, ibẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà kún sí. Lórí á, láìsọ ohun tó máa fi abẹ ṣe! Ìyá rẹ kọjú sí ògiri, ó ní kí n pa á dé. Ẹ̀rù ba èmi náà, mo fẹ́ pa á dé lóòótọ́, ìka mi bá ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan, àfi bí gbogbo ohun tí a ti kà ṣe padà wá láìdín kan! Mo figbe bọnu. Ìgbà náà ni mo rántí pé o sọ fún mi pé lẹ́tà yẹn ló ń dá a padà, àti pé téèyàn bá ń wá ọ̀rọ̀ kan, kó tẹ ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó kọ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e.

Ìyá rẹ gbọ́ èyí láti ìdí ògiri. Ó ní kí n bi kọ̀ǹpútà bóyá ikú wà níbẹ̀.

Mo tẹ ikú. Kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá oníléèwé wọ awò ojú rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ní ohun tí a ń wá ò sí. Ìyá rẹ ní kí n tún bi í, bóyá kò gbọ́ dáadáa. Mo tún bi í, ohun kan náà ló sọ. Ìyá rẹ ní ó dáa, kí n bi í ní ìrora. Mo tẹ ìrora, kíá ló fò lọ síbẹ̀, ó kùn ún ní funfun kí a má bàa ṣì í: ojú á dùn ún díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, á sì lọ.

Ọ̀gá oníléèwé, ẹnu rẹ̀ ò lè sinmi, ó ní ìwọ lo kọ fáìlì, ohun tó o kọ ni kọ̀ǹpútà lè rí. Àmọ́ ìyá rẹ yíjú sí wa, ó ní ó tún wá dáa bẹ́ẹ̀, pé ọmọ tí ò fi ìrora pamọ́ fún òun ò ní fi ikú pamọ́ fún òun. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì gígùn. A kà á dópin, kọ̀ǹpútà sì sọ fúnra rẹ̀ pé òpin rèé, kò tàn wá láti máa tẹ̀ ẹ́ lásán. Ìyá rẹ ní òun á lọ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, pẹ̀lú díẹ̀ fún onígbàjámọ̀ tó ń bá mi fún kọ̀ǹpútà níná, torí mo ṣì ń kà á fún ìyá rẹ láràárọ̀, ó ní òun fẹ́ràn ibi tí awọ ti jáde. Ọlọ́run á dá ọ lóhùn kó o tó pè é, wàá bí ọmọ tó máa kọ̀wé sí ọ bó o ṣe kọ sí wa, ojú kì yóò tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Mo ti fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí, ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú aṣọ kúrò lójú òun, kí o wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ ohùn rẹ lòun fi ń dá ọ mọ̀. Ó ní tó o bá wọlé, kí o má sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún òun pé ìwọ nìyí. Kí o kàn dúró.

Èmi ni,
Bàbá rẹ